Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀gá Tó Ń Bá NEPA Jà Nítorí Fóltì Kan

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀gá onígíráfíìkì òpópónà Ṣìpẹ̀olú, ní Ṣómólú,

Ẹ kú ariwo ẹ̀rọ, ẹ kú òórùn íǹkì. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní ka lẹ́tà yìí àfi bí wọ́n bá gbé e wá fún yín pé kí ẹ tò ó sójú ewé, nítorí ohun tí wọ́n bá san owó rẹ̀ nìkan lẹ máa ń kà. Ìdí rèé tí mo fi kọ ọ́ síta gbangba, kí àwọn ará Ṣómólú tó bá kà á lè bá mi sọ fún yín, kí àwọn ará Bàrígà sì fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sìtábílásà yín ni. Mo ti rí sìtábílásà nílé àwọn tó ń ta ẹja yìnyín, mo ti rí i lẹ́yìn fíríìjì ìyàwó tuntun, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ yín nìkan ni mo ti rí sìtábílásà tó ń gba iná lọ́wọ́ sìtábílásà, kí èkejì tó wá gbé e fún ṣájà láptọ́ọ̀pù. Àwọn méjèèjì á máa dún tákà-tákà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí kọ̀ǹpútà bá wá ń falẹ̀, tí CorelDRAW dúró gbagidi lórí ìwé ìpè ìgbéyàwó, ẹ ó gbójú sókè wo òpó iná tó wà níta, ẹ ó ní, "Ẹ wò ó, low current NEPA ti tún fẹ́ pa prósẹ́sọ̀ mi." NEPA tí ẹ ń bú yìí kò sí mọ́ láti 2005. Àwọn tó jogún rẹ̀ náà ti pín ogún fún àwọn aládàáni ní oṣù kọkànlá 2013. Òkú NEPA lẹ ń pè lẹ́jọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí ṣájà láptọ́ọ̀pù yín dojú bolẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ lẹ́tà wínníwínní sára páálí oògùn, tí ẹ sì ń bínú pé aráàlú kì í kà á, ẹ ka ti ara yín wò. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé 100–240V, 50/60Hz. Bí iná òpó bá wálẹ̀ láti 230 tó yẹ kó jẹ́ sí 150, tí gílóòbù yín pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ṣájà yẹn á kàn fa kọ́rẹ́ǹtì púpọ̀ díẹ̀ sí i láti ara ògiri, fóltì 19 tàbí iye tí wọ́n kọ sí i lára ni yóò ṣì máa gbé jáde, kò ní dín, kò ní lé. Láptọ́ọ̀pù ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bí iná bá sì wálẹ̀ ju 100 lọ, ṣájà lè dákẹ́, bátìrì á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sìtábílásà méjèèjì yín ń gba ẹni tí ẹnikẹ́ni ò nà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iná ṣe ń rìn dé ọ̀dọ̀ prósẹ́sọ̀, nítorí ó jọ pé ojú sókẹ́ẹ̀tì ni ìmọ̀ yín nípa rẹ̀ pin sí. Fóltì 11,000 ló wà lórí wáyà tó wá bá tìránsífọ́mà àdúgbò. Tìránsífọ́mà sọ ọ́ di 415 láàárín fáàsì kan sí èkejì, ìyẹn nǹkan bíi 240 fún ilé tó bá ń lo fáàsì kan. Ṣájà yín sọ ìyẹn di 19. Kò tíì tán. Nínú láptọ́ọ̀pù, ní ẹ̀gbẹ́ prósẹ́sọ̀ gan-an, àwọn régúlétọ̀ kéékèèké kan wà lórí bọ́ọ̀dù, tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ọ̀tìgbà, ní Ìkẹjà, ń pè ní VRM. Àwọn yìí ló ń sọ 19 di nǹkan bíi fóltì kan ṣoṣo. Fóltì kan, ẹ̀gbọ́n! Bátìrì kékeré inú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n yín, 1.5 ni. Ohun tí ẹ ń torí rẹ̀ bú baba oníbaba lójú pópó kò tó ti rìmóòtù.

Àmọ́ ẹ má fojú kéré fóltì kan yẹn. Prósẹ́sọ̀ orí tábìlì tó bá ń jẹ wáàtì 100 ní fóltì kan, áńpíà 100 ló ń gbà. Ọ̀pọ̀ mítà tó wà lára ògiri ilé wa, áńpíà 60 ni wọ́n kọ sí i lára pé òun lè gbé. Ohun tí kò fẹ̀ ju òǹtẹ̀ ìfìwéránṣẹ́ lọ ń gba kọ́rẹ́ǹtì tó ju ti odindi ilé lọ! Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé régúlétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí: bí kọ́rẹ́ǹtì tó pọ̀ tó báyìí bá ní láti rin ọ̀nà jíjìn, fóltì kan náà ì bá ti tán sójú ọ̀nà kó tó dé.

Ẹ rántí bí gílóòbù ṣọ́ọ̀bù yín ṣe máa ń wálẹ̀ lójijì nígbà tí aládùúgbò yín bá tan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord rẹ̀. Mọ́tọ̀ yẹn fa kọ́rẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀kan náà, fóltéèjì gbogbo ilé rẹlẹ̀, kó tó tún gòkè padà. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú prósẹ́sọ̀, àìmọye ìgbà kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ẹ ní kí CorelDRAW sọ fáìlì di PDF, àwọn transístọ̀, ìyẹn swíìṣì kéékèèké inú prósẹ́sọ̀, tó ń sùn jí lápapọ̀, fóltì kan yẹn sì rẹlẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, àwọn kan nínú wọn á pẹ́ dáhùn, òdo á di oókan, kọ̀ǹpútà á sì gan. Ìbẹ̀rù èyí ló mú kí àwọn tó ṣe é máa bu ènì lé fóltéèjì tí prósẹ́sọ̀ nílò. Ènì kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹ fi í sọ́kàn, nítorí mo ṣì ń bọ̀ wá bá a.

Fóltéèjì ò fi ìgbà kan kéré báyìí rí. Nígbà tí Pentium àkọ́kọ́ jáde ní 1993, tí àwọn ọ̀gá yín ṣì ń to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, fóltì 5 ló ń lò. Ní ọdún kejì rẹ̀ wọ́n gbé èyí tó ń lo 3.3 jáde. Ẹni kan tó ń jẹ́ Robert Dennard, ní IBM, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìṣirò rẹ̀ láti 1974 pé bí transístọ̀ bá ń kéré sí i, kí fóltéèjì rẹ̀ náà máa wálẹ̀, ooru ò ní pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí fóltéèjì wá sún mọ́ fóltì kan, transístọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò, iná ń gba inú wọn kọjá nígbà tí wọ́n pa wọ́n pàápàá. Kò ṣeé dín bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọgbọ́n tó ṣẹ́kù ni pé kí a máa fún prósẹ́sọ̀ ní ìwọ̀nba tó nílò ní àkókò tó nílò rẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Ẹ̀yin tí ẹ lè ṣírò rímù bébà fún ìwé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lórí láìfọwọ́ kan kálíkúlétọ̀, èyí ò lè le fún yín. Iná tí prósẹ́sọ̀ ń jẹ, tó sì ń di ooru, ń tẹ̀lé eré tó ń sá, ó sì ń tẹ̀lé fóltéèjì lọ́nà méjì: ẹ ó sọ fóltéèjì di púpọ̀ nípa ara rẹ̀. Bí ẹ bá fi eré sílẹ̀ bó ṣe wà, tí ẹ kàn gbé fóltéèjì láti 1.0 lọ sí 1.2, ooru tó jẹ́ 100 á di 144. Ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún kún un, ẹ san ohun tó lé ní ìdá méjì nínú márùn-ún. Oníbàárà tó bá fi irú ìṣirò yìí lọ̀ yín, ẹ ó lé e jáde.

Àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà tètè rí èrè tó wà nínú ìdàkejì rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 2000 ni Intel gbé SpeedStep jáde fún láptọ́ọ̀pù. Pentium III kan nínú wọn ń sáré 650 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì lórí fóltì 1.6 bí iná bá wà. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò lára iná, á sọ̀kalẹ̀ sí 500 lórí 1.35. Ẹ ṣírò rẹ̀: eré tó pàdánù kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin, ṣùgbọ́n iná tó ń jẹ dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ju ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọdún 2000 kan náà ni AMD àti Transmeta náà gbé irú tiwọn jáde. Lónìí, prósẹ́sọ̀ ò tiẹ̀ dúró de ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ránṣẹ́ sí régúlétọ̀ pé, "Mo fẹ́ sáré, fún mi ní 1.1," tàbí, "Mo fẹ́ sinmi, dá a padà sí 0.7." Kí ẹ tó gbé ìka kúrò lórí máòsì, ó ti béèrè, wọ́n ti fún un, ó ti lò ó, ó ti dá a padà. Mo mọ̀ pé ara yín á yá gágá bí ẹ ṣe ń gbọ́ pé ibì kan wà ní Ṣómólú tí ènìyàn ti ń béèrè fóltéèjì tí wọ́n sì ń dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀.

Kí wá ni ẹ fi san án fún ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n yìí? Ẹ wọ inú Windows lọ, ẹ gbé e sí "High performance", èyí tó túmọ̀ sí pé kó má dín eré kù bí kò tilẹ̀ sí iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n, kí ni prósẹ́sọ̀ ń sáré lọ bá nígbà tí ẹ bá ń wo pupa méjì fún ogún ìṣẹ́jú láti mọ èyí tí ìyá ìyàwó á fẹ́? Ẹ̀yin ló ń dúró dè! Ó fẹ́ rọra rìn láàárín bọ́tìnnì méjì tí ẹ tẹ̀, ẹ ní kó máa sáré. Ó gbóná, fáànù rẹ̀ ń ké. Bí ooru bá wá ń sún mọ́ ìwọ̀n tí omi fi ń hó, òun fúnra rẹ̀ á dín eré kù kó má bàa kú. Ohun tí ẹ ń pè ní low current nìyẹn. Iná òpó ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fún un ní àfúnjù tó ń fà á sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ àbúrò yín tó ń gbé ní Bàrígà ló wá ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹni tó bá yín to kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó wà ní igun ṣọ́ọ̀bù. Ó wo fídíò kan, ó wọ inú BIOS, ó fi ọwọ́ gbé fóltéèjì prósẹ́sọ̀ láti 1.2 sí 1.45, ó ní òun ti fún un ní agbára. Ẹ sì yìn ín lójú oníbàárà! Ẹ lo ìṣirò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe: eré kan náà, ooru ti fi ìdá 46 lé nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wá ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ẹ gbé fáànù tó yẹ kó máa fẹ́ oníbàárà kọjú sí i. Èmi tí mo jókòó de ìwé ni mo ń làágùn.

Ẹ bá mi sọ fún ọmọ náà pé àwọn tó ṣe prósẹ́sọ̀ pàápàá ti kọsẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù keje 2024, Intel jáde sọ pé kóòdù inú prósẹ́sọ̀ orí tábìlì wọn ti ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá ń béèrè fóltéèjì tó pọ̀ ju ohun tó yẹ lọ, ìyẹn sì wà lára ohun tó ń mú kí kọ̀ǹpútà àwọn ènìyàn máa gan kiri ayé. Ní oṣù kẹjọ wọ́n fi àtúnṣe ránṣẹ́, èyí tí kò jẹ́ kí prósẹ́sọ̀ béèrè ju 1.55 lọ, wọ́n sì fi ọdún méjì kún wáráńtì. Àwọn tó ti bàjẹ́ ò ṣeé tún ṣe, nítorí ohun tí àfúnjù bá jẹ nínú transístọ̀, àtúnṣe kóòdù kì í dá a padà. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, AMD náà ní láti fi 1.3 ṣe òpin fún apá kan nínú prósẹ́sọ̀ Ryzen 7000, lẹ́yìn tí díẹ̀ nínú wọn jóná mọ́ ìjókòó wọn. Kò sí NEPA nínú èyíkéyìí. Ilé ẹni tí iná kì í lọ ni púpọ̀ nínú wọn ti bàjẹ́.

Ènì tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn wá di tiyín báyìí. Prósẹ́sọ̀ kan kì í dà bí èkejì, bí wọ́n tiẹ̀ jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà. Òmíràn lè ṣiṣẹ́ dáadáa pẹ̀lú ìwọ̀nba, òmíràn nílò díẹ̀ sí i. Wọ́n ń bu ènì tó máa tó fún èyí tó burú jù, gbogbo wọn ló sì ń rí i gbà. Bí tiyín bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó dáa, ẹ lè yọ nínú ènì yẹn: mílífóltì 10, ẹ wò ó níṣẹ́, mílífóltì 10 mìíràn, ẹ tún wò ó. Ooru á wálẹ̀, fáànù á dákẹ́, láptọ́ọ̀pù tí ooru ti ń dá dúró tẹ́lẹ̀ á tún yára sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dín in kù, ó sì yára. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá yọ ọ́ jù, á gan mọ́ yín lọ́wọ́, nítorí náà ẹ má fi pósítà olóṣèlú dán an wò, pàápàá bí ìbò 2027 ṣe ń bọ̀ yìí. Ẹ fi káàdì ọjọ́ ìbí dán an wò.

Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ò ní gbà fún yín o. Ní oṣù Kejìlá 2019, àwọn olùwádìí láti yunifásítì Birmingham, Graz àti Leuven fi hàn pé ẹni tó bá ti gba àkóso kọ̀ǹpútà lè fi ọgbọ́n rẹ fóltéèjì sílẹ̀ kí prósẹ́sọ̀ ṣe àṣìṣe, kó sì ti ibẹ̀ jí kọ́kọ́rọ́ àṣírí inú rẹ̀. Plundervolt ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù ti ń ti ilẹ̀kùn yẹn pa. Bí tiyín bá wà ní títì, ẹ lọ sínú ètò iná Windows, ẹ gbé e padà sí "Balanced", kí ẹ sì sọ "Maximum processor state" di 99 dípò 100. Ìdá kan péré yẹn lẹ yọ, ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ Intel, ó ti pa eré àsápajúdé tó ń béèrè fóltéèjì jù.

Kí ẹ má bàa ní mo kàn fẹ́ bú yín, ẹ jẹ́ kí n gbè yín níbi tí ẹ ti jàre. Bí wáyà niútírà bá já lórí òpó, iná fáàsì kan ilé yín lè sáré láti 230 lọ sí ìtòsí 400. Ṣájà tó kọ 240 sí ara kò ṣèlérí kankan fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè gé iná fúnra rẹ̀ bí ó bá ga jù ni ẹ nílò, ìbáà jẹ́ sìtábílásà tó ní agbára yẹn. Ọ̀kan ṣoṣo ti tó. Ẹ sì bẹ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà orí tábìlì àtijọ́ yẹn wò: bí bọ́tìnnì pupa kékeré kan bá wà níbẹ̀ tó kọ 115, ẹ tì í sí 230 kí ẹ tó ki wáyà bọ sókẹ́ẹ̀tì, nítorí ìbúgbàù rẹ̀ á dé Jagunmólú ní Bàrígà.

Páúdà wá ńkọ́? Páúdà tí wọ́n ń fọ́n sórí bébà nídìí ẹ̀rọ kí íǹkì má bàa yí mọ́ ẹ̀yìn ewé kejì, inú fáànù láptọ́ọ̀pù yín ló ń gbé. Mo bẹ yín, ẹ pa á, ẹ tú ìdí rẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín pààrọ̀ ìpara tó wà láàárín prósẹ́sọ̀ àti irin tó ń gbé ooru rẹ̀ jáde. Fáànù tí ẹ kọjú sí kọ̀ǹpútà orí tábìlì náà, kó padà wá máa fẹ́ àwa oníbàárà.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Bí kọ̀ǹpútà yín bá dín wáàtì 20 kù fún wákàtí mẹ́wàá, wáàtì-wákàtí 200 nìyẹn lójúmọ́. Bátìrì íńfátà yín tó jẹ́ fóltì 12, áńpíà-wákàtí 200, kò ní ju 2,400 lọ bó ti wù kó jẹ́ tuntun tó, ẹ ò sì gbọdọ̀ lò ó tán. Ìdá kan nínú méjìlá rẹ̀ lẹ ti fi sápò yẹn. Jẹnẹrétọ̀ á dín iye tó ń mu kù, nítorí pé ẹ lè pẹ́ kí ẹ tó tàn án. Nínú ìwé owó tí ẹ kọ fún wa níjọ́sí, lábẹ́ bébà, pléètì àti ìdìwé, mo rí ìlà kan tí ẹ kọ "owó epo" sí. Ẹ ti mọ ibi tí owó epo náà ń gbà lọ báyìí. Ẹ bá mi fi ọ̀bẹ gé ìlà yẹn sí méjì kí a tó sanwó ìwé tó ń bọ̀, ẹ sì má fi han ọmọ Bàrígà yẹn, kó má lọ gbé e lọ sí 1.45.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Oníbàárà yín tó ń dúró de ìwé